Àwọn Ọ̀nà Irin tí Ènìyàn Fẹ́ràn, àti Ìdí tí Wọ́n fi Fẹ́ràn Wọn

Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ọ̀nà rélùwéè gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti fẹ́ràn ìlù tàbí ẹṣin. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní ẹrù tí wọn ń fi ránṣẹ́. Síbẹ̀ wọn a jí ní kùtùkùtù láti lọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí wọn lè rí ẹ̀rọ kan bí ó ti ń kọjá. Wọn a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Wọn a ya àwòrán rẹ̀. Wọn a sì máa bá ara wọn jiyàn pé ọ̀nà wo ni ó dára jù ní ayé. Irú wọn pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà àti ní Íńdíà, wọ́n sì wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé eré ọmọdé ni èyí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn tí ó yẹ kí a kíyèsí. Bí a bá bi wọ́n léèrè pé ọ̀nà irin wo ni ó wù wọ́n jù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kì yóò dárúkọ èyí tí ó yára jù, tàbí èyí tí a ná owó lé jù. Wọn yóò dárúkọ ọ̀nà kékeré kan tí ó kọjá ní ẹ̀yìn ilé bàbá wọn, tàbí èyí tí ó gbé wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbà èwe. Ọ̀nà tí ó ti bá ènìyàn gbé ẹrù ayé rẹ̀ ni ènìyàn ń fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yewa gidigidi, nítorí pé ilẹ̀ náà ní ọ̀nà irin tirẹ̀, láti Ìfọ̀ dé Ìlaròó àti Idogo, ọ̀nà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

BÍ ỌKỌ̀ OJÚ IRIN TI DÉ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ní 1896 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà irin àkọ́kọ́. Ọ̀nà náà gba Agége, Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní òpin 1900. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1901, Gómìnà Sir William MacGregor ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ní 1907 ó dé Òṣogbo. Ní 1909 ó dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya. Ní ìhà Àríwá, a ti ń la òmíràn láti Baro lọ sí Kánò, èyí tí a parí ní 1911. Ní 1912 a kó ọ̀nà méjèèjì sábẹ́ àkóso kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé àwọn ọkọ̀ náà sọdá ní Jẹ́bà títí a fi parí afárá ní 1916. Láti ìgbà náà wá, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìddó lè gba orí irin lọ títí dé Kánò, ìrìn tí ó tó nǹkan bí máìlì 700, láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bí kò ṣe ní ìdíkọ̀.

Kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ dá àwọn ará ìlú lára yá ni ìjọba ìgbà náà fi la ọ̀nà yìí. Òwú, ekuro, epo àti kòkó ni wọ́n ń wá, kí wọn lè kó wọn dé èbúté kíákíá. Agbára ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gé òkè, tí ń kún àfonífojì, ni a fi ṣe é, nínú òjò àti nínú ibà. Òtítọ́ ni èyí, kò sì yẹ kí ìfẹ́ mú un pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti là tán, àwọn ará ilé gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Àgbẹ̀ fi kó ẹrù. Oníṣòwò obìnrin fi ná ọjà ọ̀nà jíjìn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi lọ kọ́ ìwé. Ìyàwó fi lọ wo òbí rẹ̀. Ní 1945, nígbà tí oúnjẹ wọ́n tí owó iṣẹ́ kò sì tó, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, wà ní iwájú nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá tí ó ju 40 ọjọ́ lọ. Nítorí náà, ìtàn ọ̀nà irin kì í ṣe ìtàn ẹ̀rọ nìkan, ìtàn àwọn ènìyàn ni pẹ̀lú.

ÌDÍ TÍ IRIN FI Ń RU ẸRÙ TÓ BẸ́Ẹ̀

Ó dára kí àgbẹ̀ mọ ohun tí ó mú kí ọ̀nà irin yàtọ̀ sí ọ̀nà mìíràn. Bí ènìyàn bá ti ọmọlanke lórí iyanrìn, yóò rẹ̀ ẹ́ kíákíá, nítorí ẹsẹ̀ ọmọlanke ń rì. Bí ó bá tì í lórí ilẹ̀ líle, yóò rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá jẹ́ irin, tí ojú ọ̀nà sì jẹ́ irin dídán, kò sí èyí tí ó ń rì tàbí tí ó ń tẹ̀ nínú méjèèjì. Díẹ̀ kínún ni ọ̀nà fi ń di ọkọ̀ mú, ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan fi lè fa ọkọ̀ ẹrù tí ó pọ̀ bí ìlà èèrà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí aláàárù kan bá ru ẹrù tí ó wọn pọ́ùn 60 ní orí, nǹkan bí ènìyàn 374 ni yóò nílò láti ru tọ́ọ̀nù 10. Tọ́ọ̀nù 10 yìí kò ju ẹrù inú ọkọ̀ rélùwéè kékeré kan ṣoṣo lọ, ẹ̀rọ sì ń fa irú rẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ìbá fi ọjọ́ pípọ̀ ru ẹrù gba inú igbó lọ lè dúró sí oko wọn kí wọn máa ro ó.

Àpẹẹrẹ kan tí àwọn àgbẹ̀ ìhà yìí mọ̀ dáradára ni ti gbàǹja. Ní ìgbà àtijọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbàǹja tí àwọn Hausa ń jẹ ń ti ilẹ̀ Gold Coast wá, èyí tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí. Ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń kó apá kan rẹ̀ wá sí Èkó. Nígbà tí ọ̀nà irin dé Kánò, àwọn àgbẹ̀ ní àyíká Agége, Ọ̀tà àti Abẹ́òkúta rí i pé àwọn pẹ̀lú lè gbìn ín. Wọ́n gbìn ín, ó sì so. Gbàǹja kì í fẹ́ oòrùn, kì í sì í fẹ́ gbígbẹ. A ní láti fi ewé tútù dì í kí ó lè pẹ́ láìbàjẹ́. Ọ̀nà tí ó yára ni ó lè gbé e dé Kánò ní títutù. Nípa bẹ́ẹ̀, obì tí ó jẹ́ ẹrù àlejò di ẹrù onílé, ọkọ̀ ojú irin ni ó sì ṣe é. Ilé tí owó gbàǹja kọ́ àti ọmọ tí owó gbàǹja rán ní ilé-ẹ̀kọ́ kò kéré. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ tí kì yóò fẹ́ràn ọ̀nà náà?

NÍPA ÌRÓ RẸ̀

Nígbà tí àwọn olùfẹ́ rélùwéè bá ń ka ìdí ìfẹ́ wọn, ìró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń dárúkọ. Ìdí wà fún un. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, iná èédú ni ó ń se omi nínú àgbá irin ńlá kan tí a dé pa. Láti 1915 ni a ti ń wa èédú ní Enúgu, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni rélùwéè sì ń fi dáná. Nígbà tí omi bá hó, ooru rẹ̀ a máa wá ọ̀nà àbájáde. A darí rẹ̀ sínú àgbá kékeré méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Níbẹ̀ ni ó ti ń ti irin kan síwájú tí ó sì tún ń tì í sẹ́yìn, irin náà a sì máa yí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí ooru náà bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, a fi agbára gba ojú èéfín jáde. Jíjáde yìí ni ó ń dún. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí ó ní àgbá méjì, bí ẹsẹ̀ ńlá bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ìró náà a dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ẹ̀rọ bá ń gun òkè, ìró a fà, a sì wúwo, bí ẹni tí ó ru ẹrù tí ó ń mí. Bí ó bá dé ilẹ̀ títẹ́jú, a yára, a sì fúyẹ́. Ìró yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá gbọ́ tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ náà ní fàkàfìkì.

Etí tí ó ti mọ dùndún kì í ṣàìgbọ́ ọ̀rọ̀ nínú irú ìró bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan. Ní ìlú Box ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àlùfáà kan tí ń jẹ́ Wilbert Awdry ń sùn ní ilé tí ó súnmọ́ ọ̀nà irin. Ní òru a máa gbọ́ bí ẹ̀rọ ti ń tiraka gun òkè, ó sì dàbí ẹni pé àwọn ẹ̀rọ náà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dàgbà tí òun náà di àlùfáà, èéyi mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bí ọmọ náà ti dùbúlẹ̀ nínú yàrá, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pa ìtàn àwọn ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ fún un, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ìtàn wọ̀nyí ni a tẹ̀ jáde láti 1945 lọ, tí ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní Thomas fi di ẹni tí àwọn ọmọdé gbogbo ayé mọ̀. Ìfẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ibùsùn ọmọdé kan ní òru di ohun ìtùnú fún ọmọ mìíràn tí ó ń ṣàìsàn.

Ẹ̀KA TI ÌLARÒÓ

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995. Nígbà tí a la ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ó kọjá ní Ìfọ̀, ó sì fi Ìlaròó sílẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Fún nǹkan bí 30 ọdún, ẹni tí ó ní ẹrù ní Ìlaròó níláti gbé e dé Ìfọ̀ kí ó tó rí ọkọ̀. Ní 1930 ni a ṣí ẹ̀ka ọ̀nà láti Ìfọ̀ lọ sí Ìlaròó àti Idogo. Kò gùn: láti Ìfọ̀ dé Ìlaròó kò ju nǹkan bí kìlómítà 20 lọ. Nínú ìwé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, ó dàbí ẹ̀ka igi kékeré kan tí ó yọ ní ara ìtí ńlá.

Ṣùgbọ́n kí a má fi gígùn rẹ̀ díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Nípa ẹ̀ka kékeré yìí, kòkó àti ekuro tí ó kúrò ní Ìlaròó lè dé èbúté Èkó lórí irin. Iyọ̀, aṣọ, páànù àti ìwé sì lè gba ọ̀nà kan náà padà. Ẹni tí ó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Kánò yóò wọ ọkọ̀ ní Ìlaròó, yóò sọ̀ ní Ìfọ̀, yóò sì dúró de ọkọ̀ ńlá. Ní irú ìdíkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ru ẹ̀kọ, àkàrà, ọsàn àti ìrèké káàkiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ Yewa ti ń bá Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Hausa àti Nupe pàdé. Ìdíkọ̀ di ọjà, ó di ilé ìròyìn, ó sì di ibi ìdágbére. Àgbẹ̀ tí ó ń gbé ní ọ̀nà jíjìn, ní ìhà Ayétòrò, tí ọ̀nà irin kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mọ̀ pé bí òun bá ti lè dé Ìlaròó, òun ti dé ẹnu ọ̀nà gbogbo Nàìjíríà nìyẹn.

Kí ni ó wá pa á? Ọ̀nà irin kúkúrú ní àìlera kan tí ọ̀nà gígùn kò ní. Àgbẹ̀ a kó ẹrù láti oko wá sí ìdíkọ̀, a sọ̀ ọ́. A tún gbé e sínú ọkọ̀ irin. Nígbà tí ó bá dé òpin ọ̀nà a tún sọ̀ ọ́ kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Bí ìrìn náà bá jẹ́ ti Kánò, wàhálà yìí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ láti Ìlaròó sí Èkó, lọ́rì a dé ẹnu oko, a kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan, a sì sọ̀ ọ́ ní ẹnu ilé oníbàárà. Bí títì ti ń dára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń kúrò lórí irin. Nígbà tí ẹrù dín kù, owó dín kù. Nígbà tí owó dín kù, àtúnṣe dín kù. Nígbà tí àtúnṣe dín kù, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́, àwọn tí ó kù sì lọ. Gbogbo rélùwéè Nàìjíríà ni àìsàn yìí mú láti nǹkan bí ọdún 1970 síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kékeré ni ó kọ́kọ́ ń gbẹ lára igi. Ọkọ̀ kò rìn déédéé lójú ọ̀nà Ìlaròó mọ́.

ÀWỌN ARÁ POBẸ̀ ÀTI TI ṢÁBẸ

Kò yẹ kí a gbàgbé àwọn ìbátan tí ó wà ní òdìkejì ààlà. Bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń la ọ̀nà irin ní ìhà Ìfọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Faransé ń la tirẹ̀ ní Dahomey, tí í ṣe orílẹ̀-èdè Benin nísinsìnyí. Ọ̀nà kan ti Àjàṣẹ́, tí a ń pè ní Porto-Novo, ó gba Sakété kọjá, ó sì dé Pobẹ̀ ní 1913. Ọ̀nà mìíràn ti Kútọnu, ó gba Ṣábẹ kọjá, ó sì dé Parakú ní 1936. Kìlómítà 438 ni gígùn rẹ̀. Àwọn tí ń gbé ní Pobẹ̀, ní Sakété àti ní Ṣábẹ ń sọ èdè Yorùbá, wọ́n sì fi ọ̀nà wọn kó epo àti ekuro gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìlaròó ti ṣe.

Láti Pobẹ̀ dé Idogo kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ fún ẹni tí ó lè rìn dáradára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan kò lè rìn lórí ọ̀nà méjèèjì láé. Àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì ní ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe mìlímítà 1,067. Ti Faransé jẹ́ mítà kan géérégé. Mìlímítà 67, tí kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ni ó ya ọ̀nà ọmọ ìyá méjì sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá ti Idogo wá kì bá rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé ní Pobẹ̀. Nínú ohun kékeré yìí ni ènìyàn ti lè rí ohun tí ààlà ṣe sí ilẹ̀ Yewa: ìbátan kan náà, èdè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò lè pàdé. Ọ̀nà Pobẹ̀ pẹ̀lú ti dákẹ́ bí ti Ìlaròó.

BÍ ÌFẸ́ TI GBA Ọ̀NÀ KAN LÀ

Ẹnìkan lè wí pé, ohun tí ó ti kú ti kú. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìtàn ọ̀nà irin Talyllyn ní ilẹ̀ Wales. Ọ̀nà kékeré ni, kò pé máìlì mẹ́jọ. Ní 1865 ni wọ́n là á láti máa kó òkúta pẹlẹbẹ tí a fi ń bo òrùlé wá láti orí òkè. Nígbà tí iṣẹ́ òkúta náà dópin, ọ̀nà náà di akúùṣẹ́: igi ìdábùú tí ó wà lábẹ́ irin jẹrà, koríko sì bo ojú ọ̀nà. Ní 1950 ẹni tí ó ni ín kú. Gbogbo ènìyàn rò pé irin náà yóò di títà fún alágbẹ̀dẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn olùfẹ́ rẹ̀ kan pe ìpàdé ní Birmingham ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún náà. Wọn kò ní ọrọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì kọ́ iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fi ọjọ́ ìsinmi wọn ro koríko, wọ́n pààrọ̀ igi, wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Ní oṣù Ẹ̀bìbí 1951 ọkọ̀ tún rìn. Òun ni ọ̀nà irin àkọ́kọ́ ní ayé tí àwọn tí kò gba owó iṣẹ́ gbà là. Awdry, àlùfáà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, wà lára àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí òun ni ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀, ó fọn fèrè kí ọkọ̀ máa lọ, ó sì gbàgbé obìnrin tí ń ta ìpápánu sílẹ̀ ní ìdíkọ̀. Wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún un, òun náà sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Títí di òní ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́, àwọn àlejò sì ń ná owó ní ìlú tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bákan náà ni ti ọ̀nà Darjeeling ní Íńdíà, tí a parí ní 1881. Àlàfo irin rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, ọkọ̀ rẹ̀ a sì máa lọ́ bí ejò gun òkè tí ó ga ju mítà 2,000 lọ. Ní 1999 àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Kì í ṣe nítorí pé ó tóbi tàbí pé ó yára ni wọ́n fi bu ọlá fún un.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ni ilé alájà kan wà tí a kọ́ ní 1898, tí ó ti ń di àlàpà. Ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Legacy, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1995 láti tọ́jú ohun àtijọ́, tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní 2010. Jaekel House ni orúkọ rẹ̀, ní ìrántí Francis Jaekel, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ rélùwéè tí ó fẹ́ràn ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ńlá mẹ́ta. Àwòrán àtijọ́ àti ohun èlò iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè fi ojú rẹ̀ rí.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ YEWA LÈ ṢE

Ní oṣù Òkúdù 1ọ́jọ́ 10, 2021, ìjọba ṣí ọ̀nà irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Kìlómítà 157 ni gígùn rẹ̀, àlàfo irin rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 1,435, ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ó gba Papalanto àti Abẹ́òkúta kọjá. Gẹ́gẹ́ bí ti 1901, ó fi Ìlaròó sílẹ̀ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Bí ọjọ́ kan bá sì wà tí àwọn ará Yewa yóò bèèrè fún ẹ̀ka tuntun, ohun tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé kí wọn lè sọ ohun tí ti àtijọ́ ṣe, àti ohun tí ó pa á. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ kò ní ẹ̀rí láti mú wá síwájú ìjọba. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wọ̀nyí yẹ fún ìdílé àti ilé-ẹ̀kọ́:

1. Kí a tọ àwọn àgbà lọ nígbà tí wọ́n wà láàyè. Kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bi wọ́n pé: Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ń wá? Kí ni wọ́n ń kó? Èló ni owó ọkọ̀? Ta ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti agbo ilé yìí? Kí ó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti orúkọ sí i.

2. Kí a má ṣe sun ìwé àtijọ́ tàbí kí a fi wọ́n di ẹrù. Tíkẹ́ẹ̀tì, àwòrán, ìwé ìgbanisíṣẹ́, àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ ẹ̀rí. Kí a fi wọ́n sínú àpótí gbígbẹ tí ikán àti òjò kò lè dé.

3. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe hú irin ọ̀nà tà, ì báà jẹ́ èyí tí koríko ti bò. Ohun ìní gbogbo ènìyàn ni. Ẹni tí ó tà á gba owó ọjọ́ kan, ó sì ta ọ̀nà àwọn ọmọ rẹ̀.

4. Ní ibi tí ọkọ̀ ṣì ń rìn, bí ti Ìfọ̀ àti Papalanto, kí a kọ́ ọmọdé pé kí wọn má ṣe ṣeré lórí irin, kí wọn má sì sá ọkọ̀ kọjá. Ohun kan náà tí ó mú kí irin rọrùn fún ẹ̀rọ láti fa ẹrù ni ó mú kí ó ṣòro láti dúró: ojú irin ń dán, kò sì di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Bí awakọ̀ tilẹ̀ rí ọmọ náà, tí ó sì tẹ ìdádúró, ọkọ̀ yóò ṣì rìn jìnnà kí ó tó dúró.

Àwọn olùfẹ́ ọ̀nà irin tí a fi ṣe ẹlẹ́yà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìfẹ́ tí ó dúró lórí ètè nìkan kò gba ọ̀nà kankan là. Àwọn tí ó fẹ́ràn Talyllyn mú ọkọ́, wọ́n sì ro koríko. Ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀nà Nàìjíríà mú kálámù, ó sì kọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀nà Ìlaròó kò gùn, kò sì yára, ṣùgbọ́n òun ni ó gba ẹ̀yìn ilé àwọn bàbá kọjá. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.